Kámẹ́rà Kì Í Di Olè Mú

Ẹ̀yin èèyàn mi, àfọ́kù ìgò orí fẹ́ǹsì ò ba olè lẹ́rù mọ́ o! Lálẹ́ tá a bá ń tẹ ìwé ìròyìn, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ nìkan ló máa ń wà nílé. Ni mo bá ra kámẹ́rà tí ò ní wáyà, mo kàn án mọ́ ògiri ìta, níbi tọ́wọ́ ò ti lè tó o. Mi ò kọjú ẹ̀ sí títì, torí ooru ara èèyàn àti ti mọ́tò ló ń jí i. Bó bá ń pariwo lásán, ẹ ó pa á ni. Bíná bá lọ, bátìrì ẹ̀ á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Wi-Fi á kú, fóònù yín ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ yáa wá bátìrì fún Wi-Fi náà. Ẹ sì mọ aládùúgbò yín: kámẹ́rà á rí olè lóòótọ́, èèyàn ló máa sáré jáde.