Àfojúbà Nìkan Kò Tó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Láti kékeré ni mo ti gba òwe yìí gbọ́, n kò sì rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò fẹ́ fi nǹkan kún un. Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni ọjọ́ náà ti bá mi.

Àbúrò mi kan, tí ó jẹ́ olùkọ́ físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ni ó ní kí n wá wo bí òun ṣe ń fi àwòrán tí ń rìn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwòrán sì yọ. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán PhET ni. Yunifásítì Colorado ní ìlú Boulder, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ náà ti wá. Carl Wieman, ẹni tí ó wà lára àwọn tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 2001, ni ó dá a sílẹ̀ ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni, a sì lè gbà á sínú kọ̀ǹpútà kí a máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí sinimá ni pé ẹni tí ń wò ó ni yóò máa darí rẹ̀. Nínú èyí tí mo rí, àgbá kan wà tí a lè fi ju elégédé, dùùrù tàbí odindi mọ́tò. A sì lè mú afẹ́fẹ́ kúrò kí a tún dá a padà.

Àbúrò mi fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìbéèrè kan, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ni ó bá yí i sí Yorùbá: "Ẹ̀yin ọmọ, bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, tí a fi ìyára kan náà ju elégédé àti dùùrù láti òkè, èwo ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀?" Ariwo ta. "Dùùrù ni, sà!" Ọmọkùnrin kan tilẹ̀ ṣe àlàyé pé dùùrù ni ilẹ̀ yóò fà jù, nítorí pé òun ni ó wúwo jù. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn, tí mo ti yege nínú ìdánwò físíìsì láti ọjọ́ pípẹ́, dùùrù ni mo mú nínú ọkàn mi.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ipa ọ̀nà tí elégédé tọ̀ gan-an ni dùùrù tọ̀; iye àkókò kan náà ni àwọn méjèèjì lò. Ẹnu ya gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: "Sà, ẹni tí ó ṣe àwòrán yìí ni ó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú fíìmù, ènìyàn náà máa ń fò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àbúrò mi kò bá a wí. Ó kó gbogbo wa lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ju òkúta ńlá àti òkúta kékeré sílẹ̀ pọ̀. Ìró kan ṣoṣo ni a gbọ́. Ọmọbìnrin náà ju abala ìwé kan, ó ń fì lọ fì bọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ó wá tẹ́ abala náà lé orí ìwé ńlá tí ó fẹ̀ jù ú lọ, ó jù wọ́n sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì balẹ̀ papọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dán an wò.

Nígbà tí a padà wọlé, àbúrò mi sọ fún ọmọkùnrin àkọ́kọ́ pé òótọ́ ni ó sọ: ilẹ̀ fa dùùrù jù. "Ṣùgbọ́n dùùrù lágídí ju elégédé lọ. Bí ẹrù bá wúwo ní ìlọ́po mẹ́wàá, ilẹ̀ yóò fà á ní ìlọ́po mẹ́wàá, agídí rẹ̀ náà yóò sì di ìlọ́po mẹ́wàá." Ó wá sọ fún wọn pé ní 1971, David Scott ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ nínú òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, wọ́n sì balẹ̀ pọ̀.

N kò fojú kéré àwòrán. Ìwádìí kan tí a gbé jáde ní 2005 láti Colorado fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi àwòrán kọ́ nípa iná mànàmáná tayọ àwọn tí wọ́n fi wáyà gidi kọ́ ọ, kódà nígbà tí wọ́n wá ń so wáyà gidi. Àmọ́ àwòrán ọjọ́ yẹn fi hàn wá pé nǹkan méjèèjì ń balẹ̀ pọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "agídí", ni ó sọ ọ́, èdè tí a fi ń jiyàn nílé ni ọ̀rọ̀ náà sì ti wá. Mo rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní 1970. Kò sí àwòrán tí ń rìn lọ́wọ́ wọn nígbà náà. Lónìí, àwòrán wà, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ṣì ń fi béèrè ìbéèrè, tí kíláàsì sì ń dákẹ́.

Ní tèmi, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo kọ 9.8 sínú ìwé ìdánwò, tí olùkọ́ sì fún mi ní máàkì. Ẹnikẹ́ni kò bi mí rí bóyá mo gbà á gbọ́.