Owó Páànù àti Ìlù Santana

Ní oṣù Kejì ọdún 1971, tọkọtìyàwó kan ní àdúgbò Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń tọ́jú owó páànù sínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn. Aṣọ ni ìyàwó ń tà. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí ìsọ̀ rẹ̀ létí ọjà, bẹ́ẹ̀ òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ dé, omi òjò àti aṣọ títà kì í sì í bá ara wọn ṣe ọ̀rẹ́. Kí oṣù náà tó parí, ọkọ sọ pé kí àwọn mú nínú owó yẹn, kí àwọn fi wọ ọkọ̀ lọ sí Accra ní ilẹ̀ Gánà. Ó fẹ́ lọ wo ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan láti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Santana.

Bàbá Ìbejì ni àwọn aládùúgbò ń pe ọkọ, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe ìyàwó. Orúkọ náà tó fún ìtàn yìí. Accra ni wọ́n bí àwọn ìbejì náà sí, ní ọdún 1967.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ lè rò pé ìrìn-àjò fàájì lásán ni ọkùnrin yìí ń sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Gánà ṣì ń jẹ́ Gold Coast ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìlọrin ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Àwọn kan tẹ̀dó sí Tamale àti àwọn ìlú àríwá mìíràn. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kumasi àti Accra. Ní Accra, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nítorí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kún inú rẹ̀. Accra New Town ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Níbẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ti ń tún rédíò àti gírámafóònù ṣe, tí Ìyá Ìbejì sì ń gba ibẹ̀ lọ sí ọjà Makola lójoojúmọ́. Ó gbọ́ èdè Gã débi pé ó lè fi nájà, kí ó sì fi jà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi Gánà sílẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ní ìwé náà. Ta ni yóò wá ìwé ìgbélùú ní ìlú tí wọ́n bí i sí, tí ó ti kọ́lé, tí ó ti sin òbí? Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ilé di títà ní ọ̀pọ̀, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ di èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè sìn mọ́, àwọn ọmọ tí kò fojú rí Nàìjíríà rí di ẹni tí ń padà sílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní mọ báàgì tí a ń pè ní Ghana Must Go dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé ọdún 1983, nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà, ni báàgì náà gba orúkọ rẹ̀. Ti ọdún 1969 ni wọn kì í sábà gbọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ṣáájú. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ wọn ní ọ̀kan láìkọ́ wọn ní èkejì, ìdajì ìtàn ni ó kọ́ wọn.

Ìlú tí tọkọtìyàwó yìí padà sí náà kò rójú. Ní àárín ọdún 1969 kan náà ni ọ̀tẹ̀ owó-orí tí a mọ̀ mọ́ Àgbẹ́kọ̀yà dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí Ṣọ̀ún tí ó wà lórí oyè sì bá a lọ. Ogun abẹ́lé kò tíì parí. Ìyá Ìbejì kó ọmọ méjì, àpótí kan àti ìkòkò mẹ́ta dé. Ìdì àǹkárá méjì tí kò rí tà, ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Makola, ọmọ Gã, ni ó fi wọ́n sí. Ọdún kan kọjá, kò gbọ́ ohunkóhun.

Báwo wá ni atún-rédíò-ṣe kan ní Ọjà Igbó ṣe di olólùfẹ́ Santana? Ẹnì kan láti Èkó ni ó gbé gírámafóònù wá fún un ní ọdún 1970 pé kí ó tún un ṣe, ó sì fi àwo orin kan sí i kí ó máa fi dán an wò. Àwo náà ni èyí tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1969. Nígbà tí Bàbá Ìbejì fi abẹ́rẹ́ lé e, ìlù ni ó kọ́kọ́ gbọ́ dáadáa, kí ó tó gbọ́ gìtá. Ó yí ẹ̀yìn àwo wò, ó ka orúkọ àwọn tí ó ni orin, ó sì rí orúkọ kan tí kò nílò kí òyìnbó túmọ̀ rẹ̀ fún un: Ọlátúnjí.

Babátúndé Ọlátúnjí ni. Ọmọ Àjídò ni, nítòsí Badagry, tí wọ́n bí ní ọdún 1927. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1950 láti lọ kàwé ní Morehouse College, ní Atlanta, ó sì di gbajúmọ̀ onílù níbẹ̀. Àwo rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Drums of Passion jáde ní ọdún 1960. Inú àwo yẹn ni orin Jin-Go-Lo-Ba wà, tí Santana tún ṣe, tí wọ́n sì gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Jingo. Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó jí ìlù wa. Àwọn bẹ́ẹ̀ kò ka ẹ̀yìn àwo yìí. Carlos Santana fúnra rẹ̀, ọmọ Mẹ́síkò ni, àwọn ìlù tí wọ́n sì ń lù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba Kúbà kọjá, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti gbé bàtá dé. Ọ̀nà tí ìlù náà gbà jìn ju ọ̀nà Accra lọ.

Ọjọ́ kẹta tí àwo náà ń kọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni Ìyá Ìbejì béèrè pé ṣé kò sí àwo mìíràn ni. Lẹ́yìn èyí ni awakọ̀ kan tí ń ná Accra mú ìròyìn wá: wọn yóò ṣe eré orin ńlá kan ní ọjọ́ òmìnira Gánà, ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, Santana sì wà lára àwọn tí ń bọ̀.

“Bàbá Ìbejì, ṣé ìlù ni ẹ kò rí gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ààfin kò kúkú jìnnà.”

“Ìyá Ìbejì, ọmọ Yorùbá ni ó ni ìlù tí mò ń sọ yìí.”

“Bí ọmọ Yorùbá bá ni ín, ẹ jẹ́ kí ó wá lù ú ní Ọjà Igbó. Páànù ni èmi ń wò.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn kò fi sọ ọ̀rọ̀ gidi síra wọn. Ní ọjọ́ karùn-ún, obìnrin náà ni ó gbé agolo jáde fúnra rẹ̀. Ó ní òun yóò lọ, ṣùgbọ́n kí àwọn tó dé ibi orin, àwọn yóò kọ́kọ́ dé ilé ọ̀rẹ́ òun. Bí ìdì àǹkárá bá wà níbẹ̀, páànù ti wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí Bàbá Ìbejì mọ̀ pé abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ni òjò yóò bá wọn, kí ó má sì wí nǹkan kan nígbà náà. Ọkùnrin náà gbà. Wọ́n kó àwọn ìbejì fún ìyá ọkọ.

Ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó kò tíì sí. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n gba ọ̀nà àtijọ́ dé Èkó, wọ́n sùn mọ́jú, wọ́n sì gba Ìdí-Ìrókò wọ ilẹ̀ Dahomey, tí ó di Benin ní ọdún 1975. Láti ibẹ̀ wọ́n gba Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, wọ́n gba Lomé ní ilẹ̀ Togo, wọ́n sì dé bodè Aflao. Ohun tí Bàbá Ìbejì kò gbàgbé nípa ọ̀nà náà ni bí awakọ̀ ṣe ń yí apá padà. Nàìjíríà ṣì ń gba apá òsì ọ̀nà nígbà náà, títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Dahomey àti Togo ń gba ọ̀tún. Gánà tún ń gba òsì, títí di ọdún 1974. Owó náà ń yí padà bẹ́ẹ̀: pọ́n-ùn, sẹ́fà, sídì. Ní gbogbo bodè, àwọn aṣọ́bodè ń béèrè ohun tí wọ́n ń lọ ṣe. Ní Aflao, nígbà tí wọ́n bi Ìyá Ìbejì, èdè Gã ni ó fi dáhùn. Aṣọ́bodè wo ìwé rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó ní ṣé Accra ni ó ń gbé ni? Obìnrin náà ní òun ti gbé ibẹ̀ rí, àlejò ni òun báyìí, orin ni òun wá wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ òmìnira, wọ́n kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ náà. Obìnrin Gã yẹn dì mọ́ Ìyá Ìbejì, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́ láti ìdí ìró rẹ̀, ó ṣí àpótí, ó gbé ìdì àǹkárá kan jáde, káńfọ̀ ń rùn lára rẹ̀. Ìyá Ìbejì ka aṣọ inú rẹ̀: ó pé. Ìdì kejì kò sí. Ọmọ ọ̀rẹ́ náà ṣàìsàn ní ọdún tí ó kọjá, ó sì tà á láti fi san owó ilé ìwòsàn. Ó tú owó kan jáde láti inú ìṣẹ́tí aṣọ, ó gbé e fún un. Ìyá Ìbejì ka ìyẹn náà. Kò tó. Ó dì í mọ́ ìṣẹ́tí ìró tirẹ̀, ó sì béèrè ọmọ náà. Wọ́n pè é wá; ó ti ga.

Ọ̀rẹ́ náà kò ní í lọ́kàn láti lọ wo orin kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì sọ tán ni ó mú kí ó tẹ̀ lé wọn.

Black Star Square ni wọ́n ti ṣe é, gbàgede ńlá tí ó kọjú sí òkun. Soul to Soul ni wọ́n pe àpapọ̀ eré náà. Ìròyìn tí ó jáde sọ pé àwọn ènìyàn tó 100,000. Ike àti Tina Turner wà níbẹ̀, Roberta Flack, àwọn Staple Singers, Les McCann àti Eddie Harris, àti Wilson Pickett, ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ Gánà ń retí ju gbogbo wọn lọ. Àwọn ọmọ Gánà náà ṣeré. Láti ọjọ́ Sátidé títí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú fi mọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́. Bàbá Ìbejì lọ síwájú. Ó fi ejìká là á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí ó ti lè rí ìka àwọn onígìtá. Ó dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò mu omi.

Nígbà tí ó kan Santana, ọ̀kan nínú àwọn onílù wọn kò sí níbẹ̀ nítorí àìsàn. Willie Bobo, àgbà onílù láti New York, ni ó dúró fún un. Bàbá Ìbejì kò mọ èyí nígbà náà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ìlù náà bọ́ sí àyà òun bí ó ti ń ṣe nínú gírámafóònù, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ilẹ̀ tí ń mì. Ó yíjú láti sọ ọ́ fún ẹnì kan. Kò mọ ẹnikẹ́ni nínú gbogbo àwọn tí ó yí i ká.

Ibí ni ìtàn náà ti di méjì. Bàbá Ìbejì ní òun fi ipò òun sílẹ̀ láàárín orin, òun sì padà sẹ́yìn lọ bá ìyàwó òun, nítorí pé orin tí ènìyàn náwó páànù lé lórí kò ṣeé dá gbọ́. Ìyá Ìbejì ní irọ́ ni, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n tì í títí wọ́n fi tì í jáde, bàtà kan ni ó sì wọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ohun tí àwọn méjèèjì gbà ni pé ẹ̀yìn ni ó wà nígbà tí Santana parí. Kò rí wọn mọ́. Ẹ̀yìn orí ènìyàn ni ó ń rí. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ Gã yẹn ń sọ̀rọ̀ lọ láìdákẹ́, ó sì jókòó tì wọ́n.

Wọ́n ra páànù ní oṣù Kẹrin. Kò tó bo gbogbo ìsọ̀ náà. Apá kan ṣì jẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ títí ọdún fi yí.

Wọ́n ya eré náà sí fíìmù, ó sì jáde ní ọdún 1971 kan náà, ṣùgbọ́n kò dé Ọjà Igbó. Ọdún 2004 ni wọ́n tún un ṣe sórí DVD. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, tí ó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, rí i rà, ó sì fi ránṣẹ́ sílé. Ní ọjọ́ tí wọ́n wò ó, Bàbá Ìbejì ni ó di rìmóòtù mú. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fi àwọn èrò hàn ni ó ń dá a dúró, tí ó ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ó ń wá ojú ara rẹ̀ ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó dá a dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dá a dúró.

“Bàbá Ìbejì,” ni ìyàwó rẹ̀ wí láti orí àga, “ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ẹ ti ní ẹ̀yin padà wá bá mi. Ẹ̀yìn ni a wà.”