Mo Gba Òkè Milliken Wọ Enugu

Ẹni tó bá ń wá atẹ́gùn tútù orí òkè ní Nàìjíríà, Jos ni wọ́n máa ń darí ẹ̀ sí, tàbí Obudu. Enugu kì í sábà sí lẹ́nu wọn. Èmi náà ìbá má yà síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé iṣẹ́ gbé mi dé Onitsha, tí mo sì ní ọjọ́ mélòó kan lọ́wọ́.

Ní 9th Mile, kí a tó dé Enugu, lèmi àti awakọ̀ mi ti jẹun. Ọkpa ni oúnjẹ ibẹ̀: ẹ̀pà-roro tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi epo pupa pò, tí wọ́n sì sè nínú ewé. Ó jọ mọ́ínmọ́ín lójú, àmọ́ ó le jù ú lọ, ó sì ń pẹ́ nínú ẹni. Àwọn tó ń tà á ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú igbá lórí, wọ́n ń kígbe pé ó ṣì gbóná. Òótọ́ ni, ó jó mi lẹ́nu.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gbà. Mo bẹ tèmi pé kó gba ti àtijọ́, èyí tó gba Ngwo kọjá tó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ sọ̀kalẹ̀ lára òkè Milliken. Ó wò mí nínú dígí. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní pariwo?" Mo ní n ò ní pariwo. Ògiri òkè wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì, igi sì bo ọ̀gbun náà débi pé ojú ò tó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bá a ṣe yí kọ́nà kan báyìí, ìlú là sílẹ̀ níwájú wa: òrùlé páànù, ilẹ̀ pupa, igi láàárín ilé. Mi ò pariwo, àmọ́ mo di ìjókòó mú.

Èédú inú ilẹ̀ ló mú òyìnbó wá síbí. Ẹ̀nì ni atẹ́gùn. Lọ́dún 1909 ni Albert Kitson àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí èédú nínú òkè Udi. Nígbà tó di 1915, wọ́n ti ń wà á ní Ogbete, nígbà tó sì di 1916, ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt, ìlú tí wọ́n dìídì tẹ̀ sétí omi kí èédú lè rí ọkọ̀ wọ̀. Àwọn olóyè bí Onyeama ti Eke ló ń kó ọkùnrin wá fún ìjọba, púpọ̀ nínú wọn kò sì wá tìfẹ́tìfẹ́. Àwa náà jẹ nínú ẹ̀ o: èédú Enugu ni wọ́n ń dáná sí ní Ìjọra tí iná mànàmáná fi ń tàn l'Ékòó. Òyìnbó ń gbé GRA lábẹ́ igi. Àwọn tó ń wa kùsà ń gbé Coal Camp.

Nísàlẹ̀ òkè yẹn gan-an ni Iva Valley wà. Mo ní kí awakọ̀ dúró. Ní November 1949, àwọn awakùsà ibẹ̀ ń bá ilé iṣẹ́ fa owó tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n dẹwọ́ iṣẹ́, ilé iṣẹ́ sì lé àwọn kan dànù. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù nítorí ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta, wọ́n ní kí ọlọ́pàá lọ kó o kúrò. Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù náà, àwọn awakùsà pé jọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Philip ní kí wọ́n yìnbọn. Èèyàn 21 kú, 51 fara gbọta.

Ọdún kan ṣáájú, àwọn olóṣèlú Yorùbá àti Igbo ṣì ń bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn Èkó. Òkú àwọn awakùsà yìí ló kó wọn jọ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan tí Dókítà Akínọlá Májà ṣe olórí rẹ̀. Kò tọ́jọ́, àmọ́ ó ṣẹlẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní Ìbàdàn bí wọ́n ṣe ń fi kọ́ ọ l'Énugu.

Lẹ́yìn náà ni Enugu ṣe olú ìlú Biafra, láti May 1967 títí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi wọ̀ ọ́ ní October. Àwọn tí mo bá pàdé kì í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo padà gòkè lọ sí igbó páìnì Ngwo. Igi náà ga, ó tò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù; ihò àpáta kan wà níbẹ̀ tí omi ń dà sínú rẹ̀ láti òkè. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ibi ìgbafẹ́ tó dára ni, kò ní ariwo, ìlú tó wà nísàlẹ̀ náà kò sì ní ìkánjú Èkó lára.

Omi ni wọn ò ní. Tánkà ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀ wá láti orí òkè, wọ́n sì ń tà á fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá sí yàrá mi nílé ìtura kò lọ bọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ wẹ̀. Tánkà ò dájú lọ́la."

Mo bi í pé ta ni mo máa pín in pẹ̀lú. Ó ní àlejò tó wà ní yàrá kejì.