Òjò Tí Bàbá Wọ̀n

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni mo ń ṣe. N kò mọ ohun tí ó pa èmi àti ètò kọ̀ǹpútà pọ̀ títí di ọjọ́ tí olùkọ́ Físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ wa gbé ìdì ìwé kan wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ èyí. Ọwọ́ yín dá jù tèmi lọ." Ètò tí bàbá rẹ̀ olóògbé fi ń ṣírò òjò ni. Èdè FORTRAN, tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1957 lábẹ́ àkóso John Backus, ni ó fi kọ ọ́. Íǹṣì ni bàbá náà fi wọn òjò; ètò yìí ni ó ń sọ ọ́ di mìlímítà. Tábìlì èsì rẹ̀ wà nínú ìdì náà pẹ̀lú.

Mo tẹ̀ ẹ́ tán, a gbé e fún gfortran, ògbufọ̀ tí ń sọ FORTRAN di ohun tí ẹ̀rọ lè gbọ́. Àṣìṣe bo ojú kọ̀ǹpútà bí eṣú. Ohun tí ó fà á kò tó nǹkan: .f90 ni mo fi parí orúkọ fáìlì, ìyẹn sì ni àmì ìlànà ìkọ̀wé tuntun. Mo sọ ọ́ di .f, ariwo dáwọ́ dúró.

Ìgbà náà ni ìyọnu wá dé. Ibi tí bàbá kọ 1016 sí, 1000 ni tiwa. Ibi tí ó kọ 254 sí, 250 ni. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ títí, ó ní, "Àbí bàbá mi ni kò mọ̀ ọ́n ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọkùnrin tí ń lọ wo òṣùwọ̀n òjò láràárọ̀, tí ọjọ́ Kérésìmesì pàápàá kò yọ sílẹ̀!

Mo gbé ìwé náà lọ sílé. Òjò íǹṣì 40 ni ó di 1016, ó sì tọ̀nà, nítorí mìlímítà 25.4 ni íǹṣì kan. Ètò tiwa fi 25 ṣírò. Ta ni ó jẹ 4? Èmi ni. Láyé páálí oníhò, àyè 80 ni ó wà lórí páálí kan. Àyè 7 títí dé 72 ni a ń kọ gbólóhùn ètò sí. 8 tí ó gbẹ̀yìn wà fún nọ́ńbà páálí. Bí fáìlì bá jẹ́ .f, ìlànà yìí ni ògbufọ̀ ṣì ń tẹ̀lé: ohun tí ó bá kọjá àyè 72, kò kà á kún, kò sì wí nǹkan kan, àfi bí a bá fi -Wall sí àṣẹ tí a fún un. Bàbá fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó ṣe wẹ́kú. Èmi ni mo fi àlàfo sí i kí ó lè dùn ún wò. "25." dúró sí àyè 72, 4 bọ́ sí 73. Bẹ́ẹ̀ èmi yìí kan náà ni mo máa ń pariwo lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí pé ó gbàgbé àmì, ó sọ ọkọ̀ di ọkọ!

Mo yọ àlàfo náà kúrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, 1016 jáde. Ọ̀rẹ́ mi fi ìka sórí tábìlì bàbá rẹ̀, ó ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí agogo fi lù.