Ẹnu Wọn Kò Bára Mu

Nígbà tí mo wà ní SS3, ohun méjì wà nínú pálọ̀ wa ní Abereke tó dára, ṣùgbọ́n tí a kò rí lò. Ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ̀gbọ́n mi rà. Ìkejì ni monítọ̀ Apple tí àbúrò bàbá mi fi ránṣẹ́ láti London, nínú dúrọ́ọ̀mù kan náà tí aṣọ, bàtà àti ọṣẹ wà. Kọ̀ǹpútà náà kò ní ojú, monítọ̀ náà kò ní ara. Ẹni tó bá wò wọ́n láti òkèèrè á rò pé kí a kàn so wọ́n pọ̀ ló kù. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀.

Etíkun Ìlàjẹ ni Abereke wà, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti Igbokoda, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wa, ọkọ̀ ojú omi la fi ń wọlé. Iná ìjọba kò sí lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Jẹnẹrétọ̀ ni ẹni tó bá lágbára ń tàn. Afẹ́fẹ́ òkun ní iyọ̀ nínú, ó sì máa ń jẹ irin. Òun la gbà pé ó pa monítọ̀ tó bá kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi wá, tí kò fi pé ọdún kan lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti fi ìwé àti pẹ́ńsù sílẹ̀, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Èmi àti ọmọ mẹ́rin mìíràn ládùúgbò wa ti gba fọ́ọ̀mù. A ń kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti di máòsì mú rí nínú wa. Bọ̀ọ̀dá mi ti ṣèlérí pé òun yóò kọ́ wa. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá.

Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà wa, ihò aláwọ̀ búlúù kan ló wà fún àwòrán. VGA ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ IBM ló gbé e jáde ní 1987. Ojú ihò wẹ́wẹ́ 15 ló ní, ní ìlà mẹ́ta. Lẹ́yìn monítọ̀ Apple, okùn kan ṣoṣo ló jáde, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti VGA lọ. Ìyá mi ló béèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ó ní, "Ṣé eléyìí kì í mu iná ni? Níbo ni okùn iná rẹ̀ wà?" A tú dúrọ́ọ̀mù náà dé ìsàlẹ̀, a kò rí i. A ní bóyá wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí London.

Bọ̀ọ̀dá mi gba Igbokoda lọ, ó ra ohun ìsopọ̀ kékeré kan tó ní ẹnu VGA lápá kan, àti ẹnu mìíràn tí wọ́n ń pè ní DVI lápá kejì. Ẹni tó tà á kò rí monítọ̀ wa, a kò sì ya fọ́tò rẹ̀ hàn án. Ẹnu DVI náà jọ ti okùn wa díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò wọlé, ó sì jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀. Èmi kò lè dúró. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tì í pẹ̀lú agbára. Mo gbọ́ ìró kan, kẹ́! Nígbà tí mo fà á yọ, mẹ́ta nínú àwọn irin tín-ín-rín inú ẹnu okùn náà ti tẹ̀ lé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni okùn yẹn kì í ṣe èyí tí a lè yọ kí a ra òmíràn. Inú monítọ̀ gan-an ló ti jáde.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti jẹ́wọ́ fún bàbá mi. Bàbá mi kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń hun àwọ̀n. Ó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó fi abẹ́rẹ́ gbé irin kọ̀ọ̀kan dìde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ egungun ẹja ní ọ̀fun ọmọdé. Ó gbà á tó wákàtí kan. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nǹkan tó kọ̀ tí kò wọlé, ọ̀rọ̀ ló ń bá ọ sọ. Kí ló sọ fún ọ?" N kò rí èsì fọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bọ̀ọ̀dá mi fi ọ̀rá di kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e wọkọ̀ ojú omi, ó sì gbé e dé Computer Village ní Ìkẹjà. Lọ́tẹ̀ yìí, fọ́tò ẹnu okùn náà wà lórí fóònù rẹ̀. Òǹtajà kan wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ADC ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2000 ni Apple mú un jáde. Ní 2004 wọ́n ti padà sí DVI tí àwọn yòókù ń lò. Èrò wọn kò burú: okùn kan ṣoṣo ni yóò gbé àwòrán, iná àti USB pọ̀, kí wáyà má baà kún orí tábìlì. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí okùn iná nínú dúrọ́ọ̀mù wa. Kọ̀ǹpútà Apple ayé ìgbà yẹn ló ń bọ́ monítọ̀ náà. Kọ̀ǹpútà tiwa kò mọ̀ pé òun ní ọmọ tí òun ń bọ́.

Ó tún ní èdè wọn yàtọ̀. Àwòrán tó ń gba VGA jáde dà bí ìgbì omi, ó ń ga, ó ń wálẹ̀. Òǹkà ni monítọ̀ tiwa ń gbọ́, bí ẹni ń ka ẹja sínú agbọ̀n. Nítorí náà, ká ní ohun tí a rà ní Igbokoda tilẹ̀ wọlé, òkùnkùn la ó máa wò.

Nǹkan méjì ló lè yanjú rẹ̀: káàdì àwòrán tó ní ẹnu DVI, tí wọn yóò kì sínú kọ̀ǹpútà wa, àti àpótí ìsopọ̀ tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, tó ń gba àwòrán láti ẹnu DVI, tó ní okùn iná tirẹ̀, tó sì ń kó gbogbo rẹ̀ fún ADC. Bọ̀ọ̀dá mi pe ilé. Owó edé tí ìyá mi ń tọ́jú láti fi pààrọ̀ páànù ilé ìdáná ni owó tó wà nílẹ̀. Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Sọ fún un kó tàn án lójú rẹ kí o tó sanwó." Òǹtajà náà ní irú monítọ̀ kan náà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó so wọ́n pọ̀, àwòrán sì jáde.

Ṣùgbọ́n monítọ̀ ti Ìkẹjà kò ní irin títẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí bọ̀ọ̀dá mi dé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bàbá mi ló ní kí n so ó fúnra mi. Mo wo apá tó wà lókè, mo gbé ẹnu méjèèjì kojú ara wọn, mo rọra tì í. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Iná kékeré tàn níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú Windows yọ. Àwọn ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pariwo. Ìyá mi kò pariwo. Ó ní òun ń wo páànù òun.

Ihò USB tó wà lẹ́yìn monítọ̀ náà kò ṣiṣẹ́ rárá. Mo gbà pé ọwọ́ mi ló fà á.

A dá owó epo jọ, a sì ń fi wákàtí méjì kọ́ṣẹ́ lálaalẹ́. Mẹ́ta nínú àwa márùn-ún rí yunifásítì wọ̀ lọ́dún yẹn. Èmi kò sí lára wọn. Fisíìsì ló gbé mi ṣubú, kì í ṣe máòsì. Ọdún kejì ni mo tó wọlé.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lónìí, bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ta ilé ìwé etí omi lọ́rẹ, inú mi máa ń dùn, ẹ̀rù sì máa ń bà mí. Mo máa ń fẹ́ kí olóore náà kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnu rẹ̀ bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, bóyá wọ́n gbọ́ èdè ara wọn, àti ta ni yóò máa bọ́ ọ. Ìyá mi, tí kò kàwé, ti béèrè èyí tó kẹ́yìn yẹn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fọwọ́ kan okùn. Àwa ni kò dá a lóhùn.