Ta Ni Yóò Gbẹ̀bí ní Ọ̀rẹ̀ Lóru?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà máa ń bi ọmọbìnrin tó bá ní òun fẹ́ lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: "Ṣé títọ́jú aláìsàn náà ni ó ń fẹ́ ìwé tó báyìí?" Ìbéèrè òpè kọ́. Ẹni tí ó béèrè mọ̀ pé ọwọ́ tí ó rọ̀ àti ọkàn tí ó ní sùúrù ni aláìsàn ń fẹ́. Ó ti rí nọ́ọ̀sì tí kò fẹsẹ̀ tẹ yunifásítì rí tí ó gba ẹ̀mí là, ó sì ti rí onídìgírì tí ó ń jágbe mọ́ aboyún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìdáhùn gidi, kì í ṣe kí wọ́n kàn sọ fún un pé ayé ti lajú.

Ibi tí ó dára jù láti wá ìdáhùn náà kì í ṣe Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá pọ̀ sí. Ọ̀rẹ̀ ni, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Oríta ni Ọ̀rẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ṣágámù lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà Oǹdó wá já sí i, ti Òkìtìpupa náà sì wá já sí i. Nítorí oríta yìí ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ àti ti Biafra ṣe kojú ara wọn níbẹ̀ ní ọdún 1967, tí àwọn èèyàn fi ń sọ títí di òní pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ogun ti parí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dúró. Tọ̀sán tòru ni bọ́ọ̀sì akérò, tírélà àti táǹkà epo ń kọjá. Bí èèyàn bá sì yà kúrò lójú ọ̀dà, yóò bá oko kòkó, oko ọ̀pẹ, igbó ọba, àti àwọn àbà tí ó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ni ó lè gbé aboyún jáde níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó lè dé bá òṣìṣẹ́ ìlera lóru ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akérò lè dojú dé, kí wọ́n gbé èèyàn mẹ́jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó ń pariwo jù lè má jẹ́ ẹni tí ó sún mọ́ ikú jù. Èyí tí ó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀, tí ara rẹ̀ tutù, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú ikùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn, ẹni tí ó lè dúró díẹ̀, àti ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ sí ilé ìtọ́jú ìjàǹbá ní ìlú Oǹdó láìjáfara.

Bí kò bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀, ó lè jẹ́ aboyún tí ó ti ń rọbí láti àárọ̀ ní àbà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé káàkiri Nàìjíríà, dókítà kì í gbé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tàbí òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ni yóò dá pinnu. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iye ènìyàn àti ìlera ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, ìyá 512 ni oyún tàbí ìbímọ ń pa. Ìwádìí kan náà fi hàn pé ìbímọ 39 péré nínú 100 ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tí ó ń pa àwọn ìyá jù. Láti ìgbà pípẹ́, ojú lásán ni àwọn agbẹ̀bí fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ náà, ojú lásán sì máa ń fojú kéré rẹ̀. Ní ọdún 2023, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí E-MOTIVE jáde. Ilé ìwòsàn 80 ní Kenya, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ó lé ní 200,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòro lójú. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tí ó ní àmì ìdíwọ̀n sábẹ́ obìnrin náà kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti dé ojú àmì, agbẹ̀bí kò ní gbìyànjú ìtọ́jú kan, kí ó dúró wò ó, kí ó tó bọ́ sí èkejì. Yóò fi ọwọ́ ra ilé ọmọ, yóò fún un ní oògùn tí ń mú ilé ọmọ sún kì àti èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, yóò fa omi sí i lára, yóò sì yẹ ojú ara wò bóyá ó ya. Gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ náà le débi iṣẹ́ abẹ tàbí ikú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà ju lítà kan lọ, fi ìdá 60 nínú 100 dín kù.

Ibí yìí ni ìwé yunifásítì ti wúlò. Ọ̀rá náà kò lè dá tẹ́ ara rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbọ́ pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde, kí ó lè kà á, kí ó lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àhesọ, kí ó sì lè kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní "ṣe báyìí" nìkan yóò ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa títí ayé yóò fi yí padà. Èyí tí wọ́n kọ́ ní "ìdí tí a fi ń ṣe báyìí" yóò bá ayé yí. Níbi tí dókítà wà nítòsí, àìmọ̀ nọ́ọ̀sì lè rí ẹni tún un ṣe. Ní àbà tí ó wà lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe. Nítorí náà, oríta àti ìgbèríko ni ó nílò nọ́ọ̀sì tí ó kàwé jù.

Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí kò fi ṣe oge. Kòfówórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1915, kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Ó wà lára àwọn tí ó gbìyànjú kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lè wọ yunifásítì. Ní ọdún 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀, fún àwọn tí ó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1973, Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lo ọdún márùn-ún, yóò ṣe ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà kí ó tó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, yóò fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, yóò sì sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan.

Kò yẹ kí dìgírì sọ ẹnikẹ́ni di aláìwúlò. Àwọn tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ilé ìwòsàn ni ó ti ń gbé iṣẹ́ yìí nílẹ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi yunifásítì alákọ̀ọ́gbélé NOUN kún ìmọ̀ wọn láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Agbẹ̀bí ìbílẹ̀ pàápàá ní ipa tirẹ̀. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Mímíkò jẹ́ gómìnà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ọdún 2009. Lẹ́yìn náà ni ètò Agbẹ̀bíyè dé, tí ó ń fún agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní ẹ̀san bí ó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá mú aboyún jáde ní àbà, tí wọ́n sì dé ilé ìwòsàn tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ jù ú lọ níbẹ̀, ta ni yóò tún gba òun gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí: dìgírì tí Ọ̀rẹ̀ nílò ni ó tún ń gbé nọ́ọ̀sì kúrò ní Ọ̀rẹ̀. Ó lè gbé e lọ sí Àbújá. Ó sì lè gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sára orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera wọn le jù. Ní ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì kí àwọn tó fi ìdí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn, wọn kò sì jẹ̀bi. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n há mọ́ àpótí kò lè mú kí iná tàn nínú yàrá ìgbẹ̀bí, kò sì lè sọ owó oṣù di púpọ̀. Àkànpọ̀ ọwọ́ ni ó ń gbẹ́rù dórí.

Ọ̀nà tí ó dára jù kò jìnnà. Láti ọdún 2015 ni ìpínlẹ̀ náà ti ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ní ìlú Oǹdó, tí ó ń kọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀nà tààrà sì ni láti ibẹ̀ dé Ọ̀rẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún máa lo oṣù gidi ní Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó, kí olùkọ́ wọn sì bá wọn gbé ibẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ ìbẹ̀wò ọjọ́ kan. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì àgbà tí ó wà níbẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́ sùúrù. Òun náà yóò sì gbọ́ ohun tuntun lẹ́nu wọn. Kí ìjọba kọ́ ilé fún ẹni tí ó bá gbà láti dúró, kí ó fi àfikún sí owó oṣù rẹ̀, kí ó má sì gbàgbé rẹ̀ nígbà ìgbéga. Kí wọ́n wá ọmọ àbà tí ó mọ ìwé, kí wọ́n san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ó mọ ọ̀nà oko ni ó rọrùn fún láti padà síbẹ̀.

Lọ́dọọdún ni àwọn aláṣẹ ń ka iye nọ́ọ̀sì tí yunifásítì ń mú jáde, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí wọ́n máa ka iye mìíràn pẹ̀lú: mélòó nínú wọn ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní agogo méjì òru, ní Ọ̀rẹ̀, ní Odigbó, ní Agbabu, àti ní àwọn àbà tí orúkọ wọn kì í dé ìwé ìròyìn? Iye yẹn ni aboyún tí ó wà lẹ́yìn ọ̀kadà ń dúró dè.