Sàréè Ẹni Ẹlẹ́ni

Ní oṣù Keje 2016, mo wa ọkọ̀ gbé bàbá ọkọ mi láti Dublin lọ sí Mayo, ní ìwọ̀-oòrùn Ireland, mo sì ní kí ó gbé òdòdó sórí sàréè ẹni tí kì í ṣe baba ńlá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ ti èjìká ọkọ mi kúnlẹ̀, ó sunkún. Àwa tó kù ń ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó tàn mí, kò sì sẹ́ni tó ba iṣẹ́ mi jẹ́. Èmi ni mo fi ọdún mẹ́ta wá sàréè ẹni ẹlẹ́ni rí, tí mo sì fi í lé arúgbó lọ́wọ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi ló fa gbogbo rẹ̀ ní 2013. Tíṣà ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn wá. Ti ìhà ọ̀dọ̀ tèmi kò le. Mo pe ìyá mi ní Ìkìrun, kí n tó sọ ohun tí mo ń wá tán, ó ti ka ìran méje sílẹ̀, ó ti bọ́ sínú oríkì, owó fóònù mi sì tán lójú ọ̀nà. Nígbà tó kan ìhà ọ̀dọ̀ baba wọn, ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Gbogbo ohun tí Bàbá mọ̀ ni pé Mayo ni wọ́n ti wá, pé Patrick ni baba baba òun ń jẹ́, àti pé baba òun, tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn Patrick yìí, wá ṣiṣẹ́ ní Dublin, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa bi òun léèrè ilé. Mo káàánú wọn. Kí n má purọ́, mo gbéra ga díẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́, ṣebí orúkọ lásán ni.

N kò mọ̀ pé ilé tí mo fẹ́ wọ̀ ti jóná. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1922, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ní Four Courts, ní Dublin, bú gbàù, iná sì jó o. Ìwé ìkànìyàn ti 1821, 1831, 1841 àti 1851 bá iná lọ, àfi ẹyọ díẹ̀díẹ̀. Ti 1861 àti 1871, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti pa wọ́n rẹ́ tipẹ́. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ wọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní nítorí pé bébà wọ́n. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n ṣe títí dé 1911, ti 1901 àti ti 1911 nìkan ló kù lódindi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣàwàdà ni.

Mo rí Patrick nínú méjèèjì. Ní 1901, ẹni ọdún 57 ni. Ní 1911, ẹni ọdún 73. Ọdún mẹ́wàá kọjá, òun sì fi mẹ́rìndínlógún dàgbà.

Ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ọjọ́ orí ìwé. Mo mọ àwọn ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń kéré sí i kí ìjọba má bàa ní kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ń fi kún tirẹ̀ ni n kò rí rí. Mo wá pinnu pé ti 1911 ló máa jẹ́ òótọ́, pé ní nǹkan bíi 1837 ni wọ́n bí i. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Ohun tí n kò mọ̀ ni òfin owó àgbà ti 1908: láti oṣù Kìíní 1909, ẹni tó bá ti pé 70 tí kò sì rí já jẹ á máa gba owó ìjọba, ó lè tó ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Owó gidi ni fún àgbẹ̀ Mayo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1864 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí gbogbo ènìyàn sílẹ̀, kò sí arúgbó kan tó ní ìwé ìbí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ yẹn ló gbó lójijì láàárín ìkànìyàn méjèèjì. Patrick tiwa kò ju ẹni ọdún 68 lọ nígbà tó kọ 73.

Èmi ń wá 1837 ní tèmi. Mo ń lọ sí ilé ìkàwé ìjọba ní Kildare Street lọ́jọ́ Sátidé, mo ń yí fíìmù ìwé ìsàmì ìjọ Àgùdà títí ojú mi á fi máa ta. Ìgbà tó di oṣù Keje 2015 ni wọ́n tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè Látìn ni àwọn fádà fi kọ ọ́: James á di Jacobus, Nora á di Honoria, John á di Joannes. Òmíràn nínú wọn kọ̀wé bí ẹni tó wà lórí ẹṣin tó ń sáré. Lọ́jọ́ kan mo rí i: Patricius, ọmọ Joannes àti Honoria, 1837. Ìwé ìgbéyàwó Patrick, ti 1868, ti sọ pé John ni baba rẹ̀. Mo pariwo, wọ́n sì ní kí n panu mọ́.

Mo wá John nínú ìwé tí Richard Griffith fi díye lé ilẹ̀ àti ilé káàkiri Ireland láàárín 1847 sí 1864. Mo bá méjì nínú ìjọ kan ṣoṣo, orúkọ kan náà, orúkọ ìdílé kan náà. Wọ́n kọ Michael sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ ọ̀kan, wọ́n kọ Thomas lẹ́yìn ti èkejì. Mo ní bóyá orúkọ kejì tí wọ́n ń jẹ́ ni, mo kọjá. Ìdáhùn gan-an ni mo fò dá yẹn. Àwọn ará Ireland ìgbà náà máa ń sọ àkọ́bí wọn ọkùnrin ní orúkọ baba baba rẹ̀, èkejì á jẹ́ orúkọ baba ìyá rẹ̀. Tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì bá bí àkọ́bí, orúkọ kan náà ni àwọn ọmọ náà á jẹ́, àwọn ará àdúgbò á sì fi orúkọ baba kún un kí wọ́n lè yà wọ́n sọ́tọ̀. John ọmọ Michael. John ọmọ Thomas. Èmi tó jẹ́ pé nílé wa, bí ọmọdé bá kí àgbà lọ́nà, “Ọmọ ilé ta ni ọ́?” ni àgbà á kọ́kọ́ bi í, kó tó béèrè orúkọ. Wọ́n kọ ọmọ ilé ta ni í ṣe síwájú mi, mo fò ó.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ireland pín sí àwọn ilẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní townland, ó lé ní 60,000, ó sì wọ́pọ̀ kí méjì ní orúkọ kan, kí ọ̀kan jẹ́ More, ìyẹn ńlá, kí èkejì jẹ́ Beg, ìyẹn kékeré. Ìwé ìgbéyàwó Patrick sọ ibi tó ń gbé, Beg sì wà níbẹ̀ gbangba. More ni John tí mo yàn wà. Bí ẹni tó ka Ìjẹ̀bú-Igbó tó wá gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ ni mo rí. Mo fẹ́ràn ti More nítorí pé òkúta orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní itẹ́ òkú. Kò sọ sí mi lọ́kàn láti bi ara mi pé, ní Mayo tí ìyàn 1845 sí 1852 mú jù, níbi tí wọ́n ti ń sin òkú láìsí pósí, èwo nínú àwọn aláìní wọ̀nyí ló máa rówó gbẹ́ òkúta?

Mo ṣe ìwé kékeré fún ọjọ́ ìbí Bàbá, mo dì í dáadáa, mo kà á sétí gbogbo ẹbí. Lọ́jọ́ kejì ni a lọ sí Mayo. Lẹ́yìn sàréè, ìyá arúgbó kan tó ń gbé nítòsí ní ká wá mu tíì. Ó wo ìwé mi, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó ní, “Àwọn ará More nìyí. Ẹ̀yin kọ́. Johnny Michael ni tiyín, ní Beg, lódìkejì odò.” Ó bu ṣúgà sí tíì rẹ̀. N kò rántí ohun tí mo fi dá a lóhùn.

A padà sí Dublin, Bàbá ń sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Ìyá náà ti dàgbà, ó lè ṣì í. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dákẹ́, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ju àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, n kò wo orúkọ mọ́. Mo ń wo ibùgbé. Mo ń wo bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì, àwọn ni kò lè ṣàdédé jọra. Mo ń wo orúkọ ìdílé ìyá, nítorí fádà kì í fi orúkọ ọkọ pe obìnrin nínú ìwé ìsàmì, orúkọ ilé baba rẹ̀ ló ń kọ. Mo rí Patrick tiwa ní 1843, Beg ni wọ́n kọ sí i, ẹni tó sì dúró fún un nígbà ìsàmì ní orúkọ ìdílé kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ìwé 1911 náà, tí mo ti kà ní ìgbà àìmọye nítorí ọjọ́ orí, ní ohun mìíràn tí n kò kà. Wọ́n bi àwọn obìnrin tó lọ́kọ pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí láàyè, mélòó ló ṣẹ́kù. Ìyàwó Patrick dáhùn pé 11, pé 7. Mo wá àwọn mẹ́rin tó lọ. Mo rí mẹ́ta nínú ìwé ikú: ikọ́ líle, ibà, ikọ́ líle. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Ìyá náà ló lọ sọ ti méjì, kò mọ̀wé kọ, wọ́n ní kó fa àmì X. Èmi náà ti sin ọmọ kan rí. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, n kò sì ṣí i mọ́ títí ọdún fi tuntun.

Mo sọ fún Bàbá nínú yàrá ìdáná rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe é níbí. Ó bi mí léèrè àwọn ọmọ mẹ́rin náà, ó ní kí n kọ orúkọ àwọn mẹ́ta fún òun. Kò bá mi wí rárá, ìyẹn gan-an ló sì tún kó ìtìjú bá mi.

Ní oṣù Kọkànlá, àwọn Àgùdà ilẹ̀ wọn máa ń kọ orúkọ òkú wọn fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí fádà lè fi wọ́n sínú àdúrà. Lọ́dún yẹn, fádà pe Bàbá lórí fóònù. Ó ní orúkọ John kan náà wà nínú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó jọ pé Bàbá gbàgbé, kí òun fagi lé ọ̀kan.

Bàbá ní, “Fi méjèèjì sílẹ̀. Ọ̀kan ló bí wa. Èkejì, mo ti sunkún fún un, n kò lè gbà á padà.”